Oòrùn Aago Kan ní Dọ̀pẹ̀mú

Lábẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú, àwọn tó ń dúró de mọ́tò Akówọnjọ àti Ẹgbẹ́dá kì í dúró síbi tí mọ́tò ń gbé dúró. Ibi tí òjìji afárá bá nà dé ni wọ́n ń tò sí. Bí kọ̀ńdọ́ bá pariwo, wọn a sáré bọ́ sínú oòrùn, wọn a bi í pé èló ni. Bí owó náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a tún sá padà sábẹ́ afárá. Níwájú díẹ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, òpó iná ni àwọn mìíràn fi ṣe ibòòji. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ó rí èèyàn mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn lórí òjìji òpó kan ṣoṣo. Bí òjìji ọ̀hún bá ṣe ń sún ni àwọn náà ń sún. Nígbà tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, òjìji òpó ti wọ abẹ́ òpó lọ, kálukú á wá gbé báàgì tàbí ìwé lé orí. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí àwọn dókítà awọ ara ń sọ nípa oòrùn: ibòòji ló ṣáájú, aṣọ ló tẹ̀ lé e, ìpara ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀.

Aago kan ni mo sọ, n kò sọ pé aago méjìlá, nítorí aago ọwọ́ wa àti oòrùn kì í jọ dé ọ̀sán. Ìlà 15 ní ìlà-oòrùn Greenwich ni wọ́n fi wọn aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò, bẹ́ẹ̀ ìlà 3 àti díẹ̀ ni Èkó wà. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi máa ń pẹ́ kó tó dé àtàrí wa. Nínú oṣù Kọkànlá, ó máa ń tó aago 12:30 kó tó dé góńgó. Nínú oṣù Kejì, ó di aago 1 géérégé. Ẹni tó sáré parí iṣẹ́ òde kí aago méjìlá tó lù, tó sì jókòó sójú oòrùn láti jẹun ọ̀sán, ìgbà tó le jù gan-an ló fi ń jẹun. Láti nǹkan bí aago 10 títí di aago 4 ni ká kà sí àkókò tí oòrùn ń ṣe awọ ara léṣe jù. Ohun tó bá ṣeé ṣe ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kó lọ síbẹ̀.

Èkó kò sì jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì dọ́gba, ìwọ̀n 6.5 péré ló fi wà ní àríwá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń gba orí wa kọjá gangan, ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹrin àti ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí, apá àríwá ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Ìyókù ọdún, apá gúúsù ni. Ọlọ́jà tó bá mọ èyí kò ní máa bá agboòrùn rẹ̀ jà. Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí gúúsù yóò gba oòrùn ọ̀sán sójú láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Èyí tó kọjú sí àríwá á sinmi nígbà yẹn. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni kì í sinmi rárá, nítorí ojoojúmọ́ ayé ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé bá a. Tí a bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ àti èrò tó ń kọjá níwájú rẹ̀ là ń wò. Ó yẹ ká máa bèèrè ibi tó kọjú sí pẹ̀lú.

Kì í ṣe ooru tí à ń mọ̀ lára ló ń ba awọ jẹ́. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìtànṣán kan wà tí ojú kò rí, tí ara kò sì mọ̀ lára, òun ni wọ́n ń pè ní UV. Oríṣi méjì rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. UVB ló ń jó awọ òkè. UVA ń wọlé jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló ń mú kí awọ hunjọ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀. Láti 3 lọ sókè ni wọ́n ti ní kéèyàn máa dáàbò bo ara, 11 lọ sókè sì ni èyí tó le jù. Lọ́sàn-án gangan l'Ékòó, tí ojú ọ̀run bá mọ́, ó máa ń dé ibẹ̀. Fóònù tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí sábà máa ń fi iye rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní fóònù náà lè wo òjìji ara rẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí òjìji bá gùn ju èèyàn lọ, oòrùn kò tíì le. Bí ó bá kúrú ju èèyàn lọ, kó wá ibòòji.

Nítorí pé ooru kọ́ ló ń ṣe é, ọjọ́ tó tutù lè tanni jẹ. Nínú oṣù Kẹjọ, tí òjò bá sinmi díẹ̀ tí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ojú ọ̀run, a máa ń sọ pé oòrùn kò sí lónìí. WHO ní ìtànṣán yìí lè gba inú irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ kọjá dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Eruku ọyẹ́ a máa dín in kù, kì í dá a dúró pátápátá. Ìdàkejì rẹ̀ náà sì wà: ooru inú dáńfó ní aago mẹ́jọ alẹ́ lè fẹ́ gbẹ̀mí èèyàn, síbẹ̀ kò sí ìtànṣán kankan níbẹ̀ tó máa bá awọ jà.

Ẹlòmíràn á ní kí ló kàn wá nínú èyí, àwa aláwọ̀ dúdú. Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ní nọ́ńbà. Ní 1979, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà wọn awọ òkè aláwọ̀ dúdú àti ti òyìnbó. Wọ́n rí i pé ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún UVB ló ń gba awọ dúdú kọjá, ìdá 24 ló ń gba ti òyìnbó. Ààbò àbímọ́ni tó wà lára aláwọ̀ dúdú tó 13.4 lórí SPF, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ààbò lọ́wọ́ UVB, ti òyìnbó jẹ́ 3.4. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mẹ́láníìnì, èròjà tó sọ wá di dúdú. Ìdí nìyí tí jẹjẹrẹ awọ ara tí oòrùn ń fà fi ṣọ̀wọ́n láàárín wa, àfi lára àwọn àfín. Jẹjẹrẹ tó pa Bob Marley ní 1981, tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù bà wá, abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀; irú rẹ̀ máa ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, kì í sì í ṣe oòrùn ló ń fà á. N kò rí ìdí tó fi yẹ kí ará Dọ̀pẹ̀mú máa fi ẹ̀rù ará Ọsirélíà sùn.

Ṣùgbọ́n 13 kì í ṣe SPF 50 inú ìpara. Ohun tí oòrùn ń ṣe fún awọ dúdú yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe fún awọ funfun, kì í kàn ṣe pé ó kéré sí i ni. Àmì dúdú ló máa ń fi sí wa lára. Rorẹ́ tó ti san, egbò tó ti jiná, ojú ibi tí abẹ ìfárùngbọ̀n ti gé ni lára: oòrùn kì í jẹ́ kí àmì wọn parẹ́. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lè rí i kí dúdú kan yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, iwájú orí àti òkè ètè. Bí oòrùn bá ṣe ń pa á sí i ló ń dúdú sí i. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí gan-an, tí kì í ṣe UV, máa ń dá kún èyí lára aláwọ̀ dúdú. Nítorí àmì yìí ni ọ̀pọ̀ fi ń ra ìpara, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo awakọ̀ dáńfó ná. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 1972, ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tí awakọ̀ sì ń jókòó lọ́wọ́ òsì. Ọ̀nà tó gba Dọ̀pẹ̀mú kọjá, láti Òṣòdì bọ̀ lápá gúúsù ìlà-oòrùn, ó lọ sí Ìyànà Ìpájà lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá gbé èrò láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Òṣòdì láàárọ̀, ọwọ́ òsì ni oòrùn àárọ̀ wà sí i. Bó bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ọwọ́ òsì kan náà ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń yọjú sí i. Apá rẹ̀ tó gbé lé fèrèsé ń gba tirẹ̀ lọ́sàn-án. Ní 2012, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àwòrán awakọ̀ ẹrù kan jáde, ẹni ọdún 69 ní Amẹ́ríkà, tó ti wakọ̀ fún ọdún 28. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ti hunjọ, ó ti wú, ó sì ti wọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá bo ìdajì àwòrán náà á rò pé bàbá àti ọmọ ni. Gíláàsì fèrèsé ló wà láàárín òun àti oòrùn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Gíláàsì máa ń dá UVB dúró, ṣùgbọ́n UVA ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ti òyìnbó ló yára hàn bẹ́ẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo apá òsì àti apá ọ̀tún ẹni tó ti ń wa dáńfó láti bí ogún ọdún, ẹ ó rí i pé àwọ̀ wọn kò bára mu. Aṣọ alápá gígùn ni oògùn rẹ̀, kò ná an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tó bá sì fẹ́ sá fún oòrùn lójú ọ̀nà yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni kó jókòó sí, bí ẹnikẹ́ni bá ń ríbi yan ìjókòó ní Ìyànà Ìpájà ní aago méje àárọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ aṣọ, àwọn tó ń ta Gala àti omi tútù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gbọ́n ju àwa tó ń wò wọ́n láti inú ọkọ̀. A máa ń rí wọn nínú súwẹ́tà ọ̀kírìkà tàbí aṣọ onífìlà lẹ́yìn, a óò ní ṣé òtútù ń mú wọn ni. Àwọn bíríkìlà náà máa ń fi ṣẹ́ẹ̀tì wé orí títí dé ọrùn, ojú nìkan ló máa ń ku síta. Aṣọ tí òwú rẹ̀ hun mọ́ra, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀, ló ń dá ìtànṣán dúró. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fẹ́ràn lọ́jọ́ ooru kò ṣe púpọ̀: ààbò T-shirt funfun lásán kò ju nǹkan bí 7 lọ, bí òógùn bá sì rin ín, ó lè wálẹ̀ dé 3. Ẹ na aṣọ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ọwọ́ yín láti òdìkejì, ìtànṣán náà rí yín. Àdìrẹ tó mu aró dáadáa dára gan-an. Aṣọ òfì á dá a dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi òfì dúró de mọ́tò? Èyí tó bá ìlú yìí mu jù ni aṣọ tó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀: bùbá àti ṣòkòtò Áńkárá tí òwú rẹ̀ hun mọ́ra, kì í ṣe èyí tí fífọ̀ ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Orí ni a ti máa ń ṣe àṣìṣe. Fìlà Yorùbá lẹ́wà, kò sì ṣíji bo nǹkan kan. Abetí ajá tó ní etí méjì pàápàá, òkè la máa ń ká a sí. Gèlè náà kò yàtọ̀. Fìlà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní face cap bo iwájú orí, ó fi etí àti ọrùn sílẹ̀. Akẹtẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ wa ń dé lọ sóko láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló pé, nítorí etí rẹ̀ yí orí ká. Ìtìjú ni kò jẹ́ ká lè dé e ní ìgboro. Ìborùn tí obìnrin fi bo orí títí dé èjìká ń ṣe iṣẹ́ kan náà, híjáàbù náà ń ṣe é.

Àwọn oní-POS àti àwọn tó ń ta káàdì ti sọ agboòrùn ńlá di ilé. Ohun méjì ni kí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìtànṣán kì í ti òkè nìkan wá. Ó ń fọ́n káàkiri ojú ọ̀run, ó sì ń ta padà láti ilẹ̀ kọnkéré, nítorí náà ẹni tó jókòó lábẹ́ agboòrùn láti àárọ̀ ṣì ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí agboòrùn bá ṣe fẹ̀ tó, tí ògiri bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ló ṣe dára tó. Èkejì, agboòrùn a máa gbó. Èyí tí oòrùn ti ṣá, tí àmì ilé-iṣẹ́ tó fi polówó kò ṣeé kà mọ́, tí ojú ọ̀run sì ń hàn láti abẹ́ rẹ̀, ó ti di ọ̀ṣọ́. Páànù ń dá ìtànṣán dúró pátápátá, ó kàn ń fi ooru dín èèyàn ni. Igi ló dára jù, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù lójú ọ̀nà Akówọnjọ. Láti 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi. Igi furúùtù kan níwájú ilé lè ṣe ju agboòrùn mẹ́wàá lọ, bí ẹni tó fẹ́ fẹ títì kò bá gé e.

Ìpara ló kù, sunscreen. Àwọn tó ń rà á ní Dọ̀pẹ̀mú sábà máa ń jẹ́ àwọn tí oòrùn kì í pa: ọmọ ọ́fíìsì tó jáde ní aago márùn-ún àárọ̀ tó sì wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Agbálẹ̀ títì tó wà lórí kọnkéré kò ní owó rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní àmì dúdú lójú tó fẹ́ kó lọ, ó wúlò fún un. SPF 30 ń dá nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún UVB dúró, 50 ń dá 98; ìyàtọ̀ ìdá kan kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn jẹ gbèsè lé lórí. Kí ẹ wò ó pé ó ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ UVA pẹ̀lú, nítorí SPF kì í sọ ti UVA. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kún ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín láti ìdí dé orí, ìyẹn ló tó ojú àti ọrùn. Ẹni tó fi díẹ̀ ra ojú, SPF 50 tó rà kò ṣiṣẹ́ 50. Lẹ́yìn wákàtí méjì níta, tàbí bí òógùn bá ti fọ̀ ọ́, kó tún un ṣe.

Àwọn ìpara kan máa ń sọ ojú di funfun bí ẹni tó kun ẹfun. Zinc oxide àti titanium dioxide inú wọn ló ń fà á. Èyí tí wọ́n fi àwọ̀ ilẹ̀ sí, tó ní iron oxide, sàn fún wa lọ́nà méjì: kì í hàn lójú, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí dúró, èyí tí mo sọ pé ó ń mú àmì dúdú le sí i. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ rẹ̀ sójú oòrùn. Ooru a máa bà á jẹ́. Ní ti òrí, àdín àti òróró àgbọn, wọ́n ń mú awọ rọ̀, n kò sì rí ohun tó fi yẹ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ààbò oòrùn inú wọn kéré púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi òrí nìkan dúró sójú títì.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ìpara tó pọ̀ jù lórí àtẹ láti Dọ̀pẹ̀mú dé Ẹgbẹ́dá kì í ṣe èyí tó ń dáàbò bo awọ, èyí tó ń bó o ni. Iye kan wà tí gbogbo ayé ń kà, pé ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà ló ń bóra. Èkó ni iye ọ̀hún ti jọ pé ó ṣẹ̀: ìwádìí tó jáde ní 2002 láàárín àwọn ọlọ́jà Èkó rí i pé 77 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ń lo ìpara tó ń mú ara pupa. Kì í ṣe gbogbo obìnrin orílẹ̀-èdè ni wọ́n bi, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ilé wa ju bí a ṣe rò lọ. Fẹlá ti kọrin bá àwọn tó ń bóra wí ní 1976, nínú àwo "Yellow Fever". Ní oṣù Kejì 2023, ọ̀gá àgbà NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, kéde pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè.

Ẹ wo bí ó ṣe kan oòrùn. Hydroquinone inú ìpara wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ara ṣe mẹ́láníìnì bó ṣe yẹ. Mẹ́kúrì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Oògùn bíi clobetasol, tí dókítà ń kọ fún àrùn awọ fún ọjọ́ díẹ̀, ń mú awọ fẹ́lẹ́ bí a bá ń fi pa ara lóṣooṣù. Agboòrùn tí a bí mọ́ wa, tó tó SPF 13, ni ẹni tó ń bóra ń yọ sọ nù, lẹ́yìn náà ló wá jáde sí oòrùn aago kan. Oòrùn á jó o, ojú á dúdú. Nítorí pé ojú dúdú, á fi ìpara kún ìpara. Bí hydroquinone bá pẹ́ lára, pàápàá lára ẹni tí oòrùn ń pa, àwọ̀ búlúù-dúdú kan máa ń yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ìka ọwọ́, tó sì ṣòro láti mú kúrò. Òfin NAFDAC ni pé kí hydroquinone má ṣe kọjá ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, kí mẹ́kúrì má sì sí nínú ìpara. Ta ló ń wọn èyí tí wọ́n pò pọ̀ nínú abọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n bù sínú ike tí kò ní àkọlé? Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú èyí tó ní clobetasol, kó má já a lójijì. Awọ á ṣọ̀tẹ̀. Kó lọ bá dókítà kó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Fún àwọn tí mẹ́láníìnì wọn kò tó láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹwà. Àwọn àfín, tí àwọn àgbà wa ní Ọbàtálá ló ni wọ́n, ni oòrùn Èkó ń pa ní pípa gidi. Ní 1975, Okoro, dókítà awọ ara, kọ ìwádìí lórí àwọn àfín ní ilẹ̀ Ìgbò; ó ṣírò pé nínú nǹkan bí èèyàn 15,000, ẹnì kan á jẹ́ àfín. Láti kékeré ni ara wọn ti ń jó, tí èépá ń yọ sí etí, ètè, ọrùn àti apá. Bí kò bá sí ààbò, jẹjẹrẹ awọ lè dé ṣáájú ọgbọ̀n ọdún, òun ló sì ń gé ẹ̀mí ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè, tí ẹlòmíràn lè mú tàbí kó fi sílẹ̀, dandan ni fún wọn lójoojúmọ́: aṣọ alápá gígùn, akẹtẹ̀, awò ojú, ìpara. Ní Moshi, Tanzania, wọ́n ń ṣe sunscreen tí wọ́n ń pè ní Kilisun fún àwọn àfín, wọ́n sì ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, Albino Foundation tí Jake Epelle dá sílẹ̀ ti ń jà fún wọn tipẹ́, ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà sì ni ọjọ́ wọn káàkiri àgbáyé. Àfín tó bá rí egbò tí kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bó ti wù kó kéré tó, kó má fi àgbo pa á mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba Alimọ́ṣọ́ ní Ìgàndò lè kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà awọ ara ní LASUTH, Ìkẹjà. Bí wọ́n bá tètè gé e, ó ń tán.

Ojú náà nílò ibòòji. Ẹran kékeré tó máa ń yọ láti igun ojú lápá imú lára àwọn ọlọ́kadà àti awakọ̀, oòrùn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti eruku ló ń fà á. Jígí dúdú tí kì í dá UV dúró lè burú ju àìlò lọ, torí ó lè mú kí ẹyinjú là sí i, kí ìtànṣán sì ráyè wọlé; ẹ wá èyí tó ní àmì UV400. Yàtọ̀ sí ti ojú, àwọn oògùn kan wà tó ń jẹ́ kí oòrùn jó ni kíákíá: doxycycline, àti hydrochlorothiazide tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá ń lò wọ́n tí ojú rẹ̀ ṣàdédé dúdú, kó sọ fún dókítà kó tó lọ ra ìpara. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan fi ń pa abíyá àti ojú, bí oòrùn bá bá a lára, bíbó ló ń bóni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí ti ọmọ mọ́lé. Oòrùn ni ara fi ń ṣe fítámì D tó ń mú egungun le, awọ dúdú sì nílò rẹ̀ ju awọ funfun lọ. Lóòótọ́, ìwádìí tí Thacher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Jọ́ọ̀sì, tó jáde ní 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ́ọ̀mù nínú oúnjẹ ló ń mú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ́ jù, kì í ṣe àìrí oòrùn. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun ló ń fún ara ní kálísíọ́ọ̀mù ọ̀hún. Oòrùn àárọ̀ díẹ̀ ti tó. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ibòòji ni tirẹ̀, kì í ṣe ìpara. Tí ìyá bá pọ̀n ọ́n gba Dọ̀pẹ̀mú kọjá lọ́sàn-án, orí àti ẹsẹ̀ ọmọ náà ló wà níta, kí ó ṣí agboòrùn.

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ bá wí kẹ́yìn. Àárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ l'Ékòó ń ṣe eré ìdárayá ọlọ́dọọdún wọn, nígbà tí oòrùn ń ti gúúsù padà bọ̀ wá sórí wa. Wọ́n á ní aago mẹ́sàn-án, aago mọ́kànlá ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń yan bí ológun kọjá níwájú àlejò, aago kan ti lù. Àlejò wà lábẹ́ kánópì. Àwọn ọmọ wà lórí pápá nínú síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọmọ àfín wà láàárín wọn pẹ̀lú nọ́ńbà láyà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ kí wọ́n sì parí kí aago mọ́kànlá tó lù, kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Bí kánópì kò bá sì tó, ọmọ àfín ni kó kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Alága ọjọ́ lè dé akẹtẹ̀.